Ààlè Tí Wọ́n So sí Ilé-Ọmọ Ìbídùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ẹni tí ó bá wá rẹ́rìn-ín, kí ó dìde kí ó máa bá tirẹ̀ lọ, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Láṣebìkan, ìwọ ni mò ń bá wí, nítorí ẹ̀rín rẹ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ mi. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe bá iwin olórí méjì wọ̀yá ìjà ní ìdí àràbà. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe gun ẹ̀fọ̀n lẹ́yìn kọjá odò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìyókù ni mo fi ń dá yín lára yá, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè é ní irọ́. Inú mi ì bá dùn bí ó bá jẹ́ irọ́.

Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Ọdẹ́sànyà. Kò sí igbó kan láàárín odò méjèèjì tí n kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Mo ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkùn rí, ẹkùn ni ó kọ́kọ́ jí, òun náà ni ó sì rọra yẹra fún mi. Ṣùgbọ́n igbó tí ó ṣẹ́gun mi kò tóbi ju ìkúùkù mi yìí lọ. Inú àbúrò mi ni ó wà.

Àbúrò mi náà ni Ìbídùn. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ni ó bí wa, ẹ̀yìn mi ni ó sì ń wà nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko. Ó bí ọmọ márùn-ún, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń hun ẹní tà. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró láti bí ọdún mẹ́jọ kí ẹ̀jẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọmọge ti padà dé, kí ó máa wá ọkọ. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín náà kí ó tó pè mí sí kọ̀rọ̀.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn tí ó wà lórí òkè, lọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Fadérera. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í tan ènìyàn. Ó gé ẹran tíńtín kan nínú ilé-ọmọ Ìbídùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ránṣẹ́ pè wá. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní òun fẹ́ yọ ilé-ọmọ náà kúrò kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí òun sì fi oògùn tẹ̀ lé e. Ìbídùn gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àti pé ilé-ọmọ tí ọmọ márùn-ún ti inú rẹ̀ jáde ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ó lọ sílé, ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò ràfíà: aṣọ méjì, ọṣẹ, àti ẹní kékeré kan tí ó hun fún ara rẹ̀ nítorí àtilọ sí ilé ìwòsàn.

Èmi ni mo takú. Èmi ni àgbà ẹbí, ẹnu mi sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò. Mo sọ fún dókítà pé ọdẹ kì í yìnbọn sí ohun tí kò rí, kí ó fi ọ̀tá náà hàn mí kí n tó fi àbúrò mi lé ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kò bínú. Ó mú mi wọ yàrá kan, ó fi dígí pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó sì là á yé mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní inú ara olúkúlùkù ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wà tí ń bá àìsàn jà. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà bá ti wọ inú kókó jẹjẹrẹ lọ, tí wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀, obìnrin tí ó ni wọ́n sábà máa ń pẹ́ láyé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n dúró sí, ewu ń bẹ, kí a yára ni. Ó ní lójú òun, ẹ̀yìn ọgbà ni ti Ìbídùn wà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ìdí nìyẹn tí òun fi sọ ọ́ fún mi.

Ó ní kí n tẹ̀ ba, kí n la ojú méjèèjì. Èmi wo ni yóò la ojú méjèèjì? Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń fi ojú kan wo ẹran. Mo di ojú òsì, mo mú èémí dúró bí ìgbà tí mo bá fẹ́ yìnbọn, mo wo ihò náà. Nígbà tí n ó fi mọ̀, mo ti bá ara mi nínú rẹ̀, tìbọn-tìbọn, tọ̀bẹ-tọ̀bẹ.

Láṣebìkan, mo rí ọ. Rẹ́rìn-ín bí o bá fẹ́.

Òfurufú ibẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, igi ibẹ̀ sì ní àwọ̀ àlùkò. Kò sí oòrùn, kò sí òṣùpá, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń mí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ń gba ẹ̀bá odò ẹ̀jẹ̀ kan lọ nígbà tí nǹkan kan gbá mi mú láti ẹ̀yìn. Ajẹ̀gbin ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbálẹ̀ ìlú náà. Wọn kò ní ojú, wọn kò ní imú, gbogbo ara wọn ni ẹnu. Ohunkóhun tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n ń tọ́ wò, èyí tí kì í ṣe ti ilé, wọ́n a gbé e mì. Ó tọ́ ìbọn mi wò, ó gbé e mì tọta-tẹ̀tù, kò tilẹ̀ gbin. Ó tọ́ ọ̀bẹ mi wò, ó sì dá a padà fún mi. Ó yà mí lẹ́nu, àfi ìgbà tí mo rántí pé ọ̀bẹ bàbá wa ni, òun ni ó fi gé ìwọ́ Ìbídùn ní ọjọ́ tí a bí i.

Ajẹ̀gbin pa àlọ́ kan fún mi. Ó ní kí n sọ ẹni tí í ṣe ọmọ ilé tí kì í sì í ṣe ọmọ ilé, bí n kò bá mọ̀ ọ́n, inú òun ni n ó sùn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ìbá ti gbé yín mì. Èmi dá a lóhùn pé ọmọ ìyá onílé ni. Ó tún tọ́ òógùn iwájú orí mi wò, ó ní òótọ́ ni, ìyá mi ni ìyá onílé, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni onílé. Ó tú mi sílẹ̀. Bí mo ti ń lọ, ó sọ fún mi pé ẹnìkan ti dáhùn àlọ́ yẹn ṣáájú mi, ó sì dáhùn jù mí lọ. N kò bi í pé ta ni. Mo ń yangàn nínú ara mi pé mo gba àlọ́.

Mo rìn títí, mo bá àwọn Ajẹ̀gbin mìíràn tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, amọ̀ wà lórí àwọn kan, omi wà lórí àwọn kan. Mo bi wọ́n pé ṣé ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń fi amọ̀ ṣe nísinsìnyí. Wọ́n ní ẹnìkan ní iwájú ni ó ké pé egbò wà ní ilé òun, egbò náà kò sì jiná. Wọ́n ní ta ni yóò rí egbò tí kò ní tún un ṣe? Mo tẹ̀ lé wọn. Ibi tí wọ́n ń gbé amọ̀ náà lọ ni mo ti rí ọgbà.

Ọgbà náà ga ju orí ọ̀pẹ lọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi kún un. Níwájú rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ó mú inú mi dùn, ohun tí ó padà wá ba ayé mi jẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ni. Mo kà wọ́n dé ẹgbàajì, ahọ́n mi gbẹ, mo fi kíkà sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọfà, ọfà náà sì mú. Mo ní tí irú ogun báyìí bá wà lẹ́yìn Ìbídùn, kí ni dókítà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń bẹ̀rù? Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo rí i pé ìjókòó ni wọ́n jókòó. Òmíràn ti fi ọfà rẹ̀ rọ orí. Ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní Ẹ-Rọra ń rìn láàárín wọn, ó ń fẹ́ wọn ní abẹ̀bẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé ìbínú kì í tún ilé ṣe, àti pé ará ilé ni àwọn tó wà nínú ọgbà.

Ẹ̀ṣọ́ àgbà kan dìde wá pàdé mi. Kògbàgbé ni orúkọ rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní òun ni òun kó ogun jà nígbà tí ìgbóná wọ ara Ìbídùn ní ọmọ ọdún mẹ́fà, òun kò sì gbàgbé ojú ọ̀tá yẹn títí di òní. Mo rántí ọdún náà. Èmi ni mo jókòó tì í pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́, tí mo rò pé ewé náà ni ó wò ó sàn. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé bàbá arúgbó yìí wà níbẹ̀.

Mo bi í léèrè ohun tí ó dé tí wọn kò wọlé. Ó mú mi lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó nawọ́. Mọ̀rìwò ni mo rí, wọ́n ta á dí ojú ọ̀nà. Ìkarahun ìgbín kan, àṣákù ìgbálẹ̀ kan àti àkísà pupa kan rọ̀ mọ́ ọn. Ààlè ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín ti ń so ó mọ́ igi obì rẹ̀ kí olè má baà ká a, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n so ó. Kògbàgbé ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìlú náà ni òfin ti wà pé ẹ̀ṣọ́ tí ó bá kọjá ààlè, ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ, ọfà rẹ̀ yóò bọ́. Òfin náà dára, ó ní, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ máa pa onílé.

Mo yọjú níbi tí ọgbà gbé là. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rù bà mí. Àwọn tí ó wà nínú ibẹ̀ ní ilà ojú wa, pélé mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní imú ìyá wa. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí Ìbídùn ṣe ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì ń jẹ ilẹ̀, wọ́n ń jẹ ògiri, wọ́n ń bí ọmọ, àwọn ọmọ náà ń jẹ ilẹ̀. Ìgbà náà ni àlọ́ Ajẹ̀gbin ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Láàárín wọn ni mo ti rí ẹ̀ṣọ́ mẹ́tàdínlógún tí ó ti wọlé kí wọ́n tó so ààlè. Wọ́n ń jà. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan, mẹ́ta a dìde. Ọ̀kan nínú wọn rí ojú mi níbi tí ọgbà là, ó sì fi ohùn tí ó ti há sọ pé kí n bá àwọn sọ fún àwọn ará ìta pé àwọn kò pọ̀ tó. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó padà sídìí ìjà rẹ̀.

Kògbàgbé wo ọ̀bẹ ìbàdí mi. Ó ní, “Ìwọ ọdẹ, o kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ìlú yìí. Ààlè yìí kò de ìwọ. Gé e, a ó wọlé.”

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo ká ìbẹ́pẹ kan ṣoṣo lórí igi tí wọ́n so ààlè mọ́. Bàbá mi mú kí n kúnlẹ̀ lábẹ́ igi náà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kanrí, ó sì ní ààlè kì í bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ kí ó tó mú un. Láti ọjọ́ náà, ebi ti pa mí nínú igbó tí mo fi jẹ ewé, n kò fi ọwọ́ kan ohun tí ààlè wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa ń fi mí búra. Ẹ máa ń ní ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí mọ́.

Mo sọ fún Kògbàgbé pé ọdẹ kì í gé ààlè. Ó bi mí pé ta ni ó so ó. Mo ní n kì í bèèrè ẹni tó so ó, ó tó fún mi pé wọ́n so ó. Ó wò mí pẹ́. Ó padà lọ jókòó láàárín àwọn tirẹ̀. Èmi sì tẹríba fún mọ̀rìwò náà bí bàbá mi ti kọ́ mi, mo yí ẹ̀yìn padà. Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ìwà mímọ́ nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí pé inú mi yóò wú bí ti ẹni tí ààlè mú.

Mo la ojú òsì mi, mo bá ara mi ní yàrá dókítà. Ó ní n kò pẹ́ ju ẹni tó mu omi lọ. Mo sọ fún un pé mo rí àwọn ẹ̀ṣọ́, wọ́n pọ̀ ju yanrìn lọ. Ó béèrè pé, “Bàbá, ṣé inú ni ẹ ti rí wọn, àbí ẹ̀yìn ọgbà?” Mo tún sọ fún un pé wọ́n pọ̀. Ó ní ìyẹn kọ́ ni òun bi mí.

Ìtìjú ni ó bí irọ́ náà. Bí mo bá sọ pé ẹ̀yìn ọgbà ni, wọn yóò bi mí ohun tí mo ṣe níbẹ̀, èmi Ọdẹ́jìnmí, tèmi tọ̀bẹ. Nítorí náà mo jáde lọ bá Ìbídùn àti àwọn ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo gbé àyà sókè. Mo ní mo ti dé ibẹ̀. Mo ní àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti kún inú ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń pa ọ̀tá bí ẹni ń pa eèrà, kò sí ìdí tí a ó fi gé ẹnikẹ́ni. Dókítà tẹ̀ lé mi jáde, ó bẹ̀ wọ́n, ó kúnlẹ̀ pàápàá. Ìbídùn wò ó, ó wò mí. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá ti fi ojú rí i, ó parí. A kó lọ sílé. Ó tú àpò ràfíà náà, ó yọ ẹní kékeré yẹn jáde, ó tẹ́ ẹ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n jókòó, mo ti rìn jìnnà.

Láṣebìkan, o ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Oṣù méje ni ó fi hun ẹní lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹjọ, ikọ́ dé, kò sì lè jókòó pẹ́. A gbé e gun òkè náà padà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò bá mi jà, ojú rẹ̀ kàn pọ́n. Ó ní ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ohun tí òun lè ṣe kò ju kí òun mú ìrora náà fúyẹ́ lọ. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, ti ẹnu mi ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ti rù, mo mú un dání.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí ẹ dé ibẹ̀ yẹn, ṣé ẹ wọlé?”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Èmi kò ní ogún ọdún. Mo sọ fún un pé n kò wọlé. Mo sọ ti Kògbàgbé fún un, mo sọ ti àwọn mẹ́tàdínlógún, mo sọ bí mọ̀rìwò náà ṣe dí ojú ọ̀nà, àti bí mo ṣe rántí bàbá wa. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó mí díẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀.

“Èmi ni mo ni oko yẹn,” ni ó wí. “Ààlè ta wá ni ẹ bọ̀wọ̀ fún?”

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ǹ bá rí nǹkan mú dání. Ìbéèrè ni ó bi mí, ó sì ń retí kí n dáhùn, èmi tí mo gba àlọ́ Ajẹ̀gbin. Ó retí títí ojú rẹ̀ fi lọ sí ògiri. Ọjọ́ kejì ni ó kú. Ọ̀bẹ náà wà ní ìbàdí mi nígbà tí a ń sin ín. Ẹní tí mo jókòó lé yìí ni ẹní kékeré náà.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé kò jù báyìí lọ, n kò sì ní orin tí n ó fi kádìí rẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dúró, tí ẹ̀jẹ̀ sì tún padà, ẹ má fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ má sì mú un wá bá mi kí n wò ó.

Láṣebìkan, kí ló gbé ọ dìde? Ìyàwó rẹ? Láti ìgbà wo?

Má dá mi lóhùn, má jókòó mọ́. Lọ pè é, kí ẹ máa gun òkè náà lọ. Ilẹ̀ kò tíì ṣú.